Ta ló máa fi Sabon Gari han àwọn ọmọ wa? Ohun tí mo kọ́ nínú ọkọ̀ gọ́ọ̀fù ní Arizona

Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn níbí tí mi ò dá sí i. Èmi kì í ṣe akọ̀wé, ilé ìwé girama ni mo kà mọ, bàtà ọmọdé ni mo ń tà ní ọjà Sabon Gari. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ọdún tó kọjá, tí mi ò bá sọ ọ́, á máa yọ mí lẹ́nu ni. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi.

Ọmọbìnrin mi kejì ń gbé ní Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó bímọ, ìyá wọn ló lọ tọ́jú ọmọ. Lọ́dún tó kọjá ó ní ó ti kan èmi náà, kí n wá rí àwọn ọmọ-ọmọ mi. Oṣù kẹfà ni mo débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀ á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí, torí inú aṣálẹ̀ ni ìlú yẹn wà, oṣù kẹfà sì ni iná ń bẹ̀rẹ̀ sí í jó níbẹ̀.

Èmi ò bẹ̀rù rárá. Mo ní, ẹni tó ti lo ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ní Kano, tó ti rí oṣù kẹrin níbẹ̀ láìsí iná mànàmáná, ooru wo ló tún kù tó fẹ́ fi nǹkan hàn án? Ní ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo dá rìn jáde ní aago méjìlá ọ̀sán láti lọ ra búrẹ́dì. Mi ò tíì rìn dé orígun àdúgbò tí orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Òógùn ò kàn mí lára, ó ń gbẹ kí n tó mọ̀ pé mo làágùn. Òpópónà dá, kò sí ẹnì kankan tó ń fẹsẹ̀ rìn, kò sí abẹ́ igi. Obìnrin kan ló dá ọkọ̀ dúró, tó fún mi ní omi, tó gbé mi padà sílé. Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ o. Àwọn èèyàn ń kú níbí."

Kò purọ́. Ní ọdún 2023, odindi ọjọ́ 31 léraléra ni ooru Phoenix fi ń dé 43°C tàbí kó jù ú lọ. Lọ́dún yẹn kan náà, èèyàn 645 ni ìjọba àgbègbè Maricopa, tí Phoenix wà nínú rẹ̀, kà pé ooru lọ́wọ́ nínú ikú wọn. Amẹ́ríkà náà nìyẹn o, tí iná kì í lọ. Torí náà, ẹ má jẹ́ ká máa fi ooru ṣe akọ, ì báà jẹ́ lọ́hùn-ún, ì báà jẹ́ níbí.

Bó ṣe di ọjọ́ Sátidé, ọmọ mi ní òun fẹ́ kí n rí ìlú, ṣùgbọ́n a ò ní rìn. Ó gbé wa lọ sí Scottsdale, ìlú tó fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́ pẹ̀lú Phoenix. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la débẹ̀, òòrùn ti gòkè, ìwọ̀n ooru ti lé ní 30. Ohun tí mo rí tí wọ́n ní ká wọ̀ ni ọkọ̀ gọ́ọ̀fù, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tí àwọn olówó fi ń yí pápá gọ́ọ̀fù ká, irú èyí tí ẹ máa ń rí ní àwọn ilé ìtura ńlá níbí. Ó lórí, kò ní ilẹ̀kùn, bátìrì ló ń lò, kò pariwo, kò rú èéfín. Èèyàn mẹ́fà ló jókòó sínú rẹ̀. Mo bi ọmọ mi pé, "Ṣé ọkọ̀ àṣeré yìí la wá san owó fún?" Ó sọ iye tó san fún mi. Mo sọ ọ́ di náírà nínú orí mi, mo dákẹ́.

Kí n má parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí wa bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Awakọ̀ náà ló tún ń sọ ìtàn ìlú. Ó ń rọra lọ, tí ó bá dé ibi tó ṣe pàtàkì, á dúró sábẹ́ òjìji, á ní ká mu omi, á sọ̀rọ̀, á tún gbéra. Níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n so ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ òrùlé, ó ń fọ́n omi bí ìrì sí àwọn tó ń kọjá lára. Ìyá arúgbó kan wà nínú ọkọ̀ wa tó ń lo ọ̀pá, kò sí ohun tí àwọn ọ̀dọ́ rí tí òun náà ò rí. Èyí wọ̀ mí lára. Mo rántí iye àgbà tí a fi sílé ní Kano torí pé ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́.

Awakọ̀ fi igi oró ńlá kan hàn wá tí wọ́n ń pè ní saguaro. Ó ní igi yẹn lè lò tó 50 sí 75 ọdún kó tó yọ apá àkọ́kọ́, pé ó sì lè gbé ju 150 ọdún lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹgbẹ́ mi rèé, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ apá ni. Ó fi ilé ìwé kékeré pupa kan hàn wá, ọdún 1909 ni wọ́n kọ́ ọ, ó ti di ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú sí. Ó sọ ìtàn Winfield Scott, àlùfáà àwọn ológun tó ra ilẹ̀ níbẹ̀ ní 1888, tó gbin ọsàn sínú aṣálẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú náà.

Nígbà náà ni ọkàn mi ṣí. Mo ní nínú ara mi pé, ilé ìwé 1909? Ọdún 1912 ni Arizona gan-an di ìpínlẹ̀. Rélùwéè wọ Kano ní 1911, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí òyìnbó fi la Sabon Gari sílẹ̀ fún àwa àlejò tó wá láti gúúsù. Ẹ gbọ́ o: Sabon Gari wa àti ìpínlẹ̀ Arizona, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Wọ́n ń fi tiwọn pa owó, wọ́n ń gbé àlejò yí i ká. Àwa ń fi tiwa da ìdọ̀tí sí.

A tún dé ilé ìjọsìn kan tí wọ́n fi amọ̀ kọ́, funfun báláú. Awakọ̀ ní àwọn ará Mẹ́síkò àti ẹ̀yà Yaqui, tí wọ́n jẹ́ àlejò ní ìlú náà, ló kọ́ ọ ní 1933. Oko òwú ló gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Mẹ́síkò wá síbẹ̀. Wọn ò lówó. Wọ́n po amọ̀, wọ́n yọ bíríkì, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mọ ọ́n. Lónìí, kò sí bí wọ́n ṣe máa gbé ẹnikẹ́ni yí ìlú náà ká tí wọn ò ní dúró níbẹ̀. Mo wo ilé yẹn títí. Àlejò bíi tèmi ló kọ́ ọ. Wọn kì í ṣe onílẹ̀, wọn kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n a ò lè sọ ìtàn ìlú náà ká yọ tiwọn kúrò.

Àmọ́ ohun kan ò tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Awakọ̀ wa sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa àwọn darandaran orí ẹṣin tó ń gbé ìbọn kiri láyé àtijọ́, ó ṣe àwàdà, gbogbo ọkọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ ipa omi tó gba inú ìlú kọjá, ó kàn sọ pé àwọn ará àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Hohokam ló kọ́kọ́ gbẹ́ irú rẹ̀ níbẹ̀, ó sì kọjá lọ. Èmi ni mo ní kó dúró. Mo bi í pé kí ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ? Ó ní igi àti òkúta, láìsí ẹṣin, láìsí irin. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ máìlì ipa omi nínú aṣálẹ̀! Ó ní orúkọ Phoenix pàápàá, ẹyẹ inú àlọ́ tó jóná tó tún dìde látinú eérú, orí iṣẹ́ wọn ni wọ́n ti mú un, torí orí ahoro ìlú wọn àti ipa omi wọn ni ìlú tuntun ti dìde. Àwọn O'odham tí wọ́n gbà pé àwọn ni ìran wọn ṣì wà lórí ilẹ̀ tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Scottsdale títí dòní. Gbogbo èyí, tí mi ò bá béèrè, ìṣẹ́jú méjì ni ì bá fi tán.

Ẹ̀kọ́ tí mo torí ẹ̀ kọ ìwé yìí nìyẹn: ẹni tó bá di ọwọ́ ọkọ̀ mú ló ń yan ohun tí èrò máa rí. Tí kì í bá ṣe ọ̀kan nínú yín ló ń wa ọkọ̀, ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n máa fi sọ̀rọ̀ yín, ì báà jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbẹ́ odò tí gbogbo ìlú ń mu.

Nígbà tí a délé, ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, jókòó tì mí. Ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé irú ọkọ̀ yìí wà ní Kano? Kí ni wọ́n máa ń fi han àlejò níbẹ̀?" Ẹnu mi wọhò. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n! Mo ti kọjá lẹ́sẹ̀ òkè Dala bí ẹgbẹ̀rún ìgbà, mi ò gun ún rí. Mo ń ra ọjà ní Kurmi, mi ò mọ̀ pé ọba Muhammad Rumfa, tó jọba láti 1463 títí di 1499, ló dá ọjà náà sílẹ̀. Sabon Gari tí mò ń gbé ńkọ́? A ní Sanyaolu Street, a ní Odutola Street, a ní Yoruba Road. Ẹ bi àwọn ọmọ yín lálẹ́ òní: ta ni Sanyaolu? Ta ni Odutola? Kí ló gbé wọn wá? Àwọn tèmi ní, "Dádì, orúkọ àdúgbò ni." Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé èèyàn ni.

Bí ọmọdé ò bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá ni bàbá ìtàn. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ àrọ́bá náà? Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tó mọ ẹni tó kọ́ ilé kọ̀ọ̀kan láti ìgbà òyìnbó, tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ dé ọjà. Nígbàkígbà tí bàbá bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn, àwa ọ̀dọ́ á ní, "Bàbá ti tún bẹ̀rẹ̀." Ìgbà tí mo wà ní Arizona ni wọ́n sin wọ́n. Èmi tó san owó dọ́là láti gbọ́ ìtàn ìlú onílùú, mi ò fi wákàtí kan gbọ́ ti bàbá tó wà ní ojúlé kẹta sí mi, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Bí mo ṣe padà dé, mo dúró de ìgbà ọyẹ́ kí ooru rọlẹ̀. Ní Sátidé kan, mo pe adaidaita sahu méjì, mo bá wọn dúnàádúrà títí di ọ̀sán. Èmi, ìyàwó mi, ọmọ mẹ́ta, àti ìyá arúgbó kan nínú ilé wa tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni rélùwéè gbé wọn dé Kano pẹ̀lú bàbá wọn. Kí òòrùn tó mú, a ti dé ẹsẹ̀ Dala. Àwọn ọmọ gòkè, àwa àgbà dúró sísàlẹ̀. A lọ sí ibi ìrẹṣọ Kofar Mata, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti wà láti 1498. Bí ìyá ṣe rí kòtò náà, wọ́n ní, "Aró rèé! Ohun tí ìyá ìyá mi ń ṣe nílé rèé." Wọ́n bá bàbá aláró sọ̀rọ̀ lédè Hausa, àwọn méjèèjì ń fi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pọn aró wé ara wọn bí ẹbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríra. Àwọn ọmọ mi la ẹnu sílẹ̀. A wọ Gidan Makama tó kọjú sí ààfin, ilé amọ̀ àtayébáyé tó ti di míúsíọ̀mù. Mi ò tíì wọ ibẹ̀ rí títí di ọjọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n Sabon Gari ni ìrìn àjò náà ti dùn jù. Ìyá ní kí adaidaita dúró. Wọ́n ní ibi báyìí ni èrò ti ń sọ̀ látinú rélùwéè. Wọ́n nawọ́ sí apá ibi tí wọ́n ti ń to àpò ẹ̀pà jọ gogoro bí òkè, kó tó di pé ẹ̀pà Kano dohun ìgbàgbé. Lẹ́yìn náà wọ́n nawọ́ sí ilé kan, ohùn wọn yí padà. Wọ́n ní, "Inú ilé yìí ni bàbá mi kó wa pamọ́ sí nígbà ìjà 1953. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan, Hausa láti Fagge, ló gbé ọkà àti omi wá fún wa lóru. Orúkọ rẹ̀ ni mo fi sọ àbúrò yín ọkùnrin ní orúkọ kejì tí ẹ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́." Inú adaidaita dákẹ́ lọ gbári. Ọmọ mi tó kéré jù ti gbé fóònù sókè, ó ti gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wò ó, tí a ò bá gbé ìyá yẹn jáde, kò sí bí a ṣe máa gbọ́ ọ. Ojú ọ̀nà ló rán wọn létí.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹnì kan á ní, "Bàbá bàtà, ebi ń pa wá, ìwọ ń sọ̀rọ̀ ìgbafẹ́." Òótọ́ ni, nǹkan le. Ṣùgbọ́n owó tí mo san fún adaidaita méjì yẹn ò tó ìdajì owó aṣọ ẹbí kan ṣoṣo, ẹ sì mọ iye aṣọ ẹbí tí a ń rà lọ́dún.

Ẹlòmíràn á ní ẹ̀rù ń bà òun, pé a ti rí ọjọ́ líle ní ìlú yìí. Èmi náà ti rí i, mo ti ti ṣọ́ọ̀bù sá rí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi orí gbé ewu. Ẹ lọ ní ọjọ́ tí ìlú tòrò, ẹ wọṣọ tó bò yín lára, ẹ kí onílé lédè wọn, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó yàwòrán. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ìlú tí a ò mọ̀, tí kò sì mọ̀ wá, ṣé ìyẹn ò léwu jù fún wa? Ọkà tí ará Fagge yẹn gbé wá, ìmọ̀ra-ẹni ló gbé e wá.

Ẹnì kẹta á ní, "Àjò ò lè dùn kí onílé má relé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìlú mi, kí ni mo fẹ́ fi ìtàn Kano ṣe?" Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìlú tèmi náà, mo sì ti kọ́ ilé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Mélòó nínú wa ni bàbá wọn sin síbí? Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló mọ ojú ọ̀nà agboolé wọn nílé? Ẹni tí kò mọ ìtàn ilé, tí kò mọ ìtàn àjò, ibo ló máa ní òun ti wá? Ọmọ tó bá mọ ìdí tí bàbá bàbá rẹ̀ fi wọ rélùwéè ní Ọ̀fà tàbí Òṣogbo, òun náà ló máa fẹ́ mọ ibi tí rélùwéè ti gbé e. Ìtàn àjò ló máa mú un délé.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan yan Sátidé kan lóṣù, ní ìgbà ọyẹ́ tàbí ní ìdájí kí òòrùn tó mú. Kí wọ́n pe adaidaita mélòó kan, kí wọ́n fi àgbà kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọmọdé méjì, kí omi wà nílẹ̀. Kí ọmọ kan gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹlòmíràn kọ ọ́ sínú ìwé: orúkọ àdúgbò, ẹni tó ni orúkọ náà, ẹni tó kọ́ ilé, ọdún tó dé, ohun tó ń tà. Tí ẹ bá wà ní Jos tàbí Kaduna, ẹ ṣe tiyín. A ò nílò ọkọ̀ gọ́ọ̀fù. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ní tó wa.

Èmi á bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Sanyaolu àti Odutola, tí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá tàbí ìyá yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, kódà kó jẹ́ ìlà méjì. Èdè yòówù kí ẹ fi kọ ọ́, a máa tún un ṣe. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹlòmíràn máa jókòó síwájú ọkọ̀, tó máa ní, "Àwọn Yorùbá kan wà níbí rí," tó sì máa kọjá lọ.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí àwọn àgbà wa sí.

Èmi ni tiyín, Bàbá Bàtà, ọjà Sabon Gari, Kano.